Àwòrán ẹyẹ ìgbà ọyẹ́ mi ń jáde bí èyí tí wọ́n yà nínú èéfín. Ẹ gbà mí!

Ọmọ Agodi

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Mo ra káàmẹ́rà Nikon P900 tòkunbọ̀ kan lóṣù kẹsàn-án, torí àwọn ẹyẹ tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni mo sì ṣe rà á. Àbúrò mi ní kí n fi owó yẹn ra jẹnẹrétọ̀, mi ò gbọ́. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ sí etí omi, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mo ti fi ìtìjú bọ̀ wálé. Tí mo bá ń wò ó lójú káàmẹ́rà, á dà bíi pé mo ti rí nǹkan mú. Tí mo bá wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, eérú ni gbogbo rẹ̀. Lékeléke mi funfun gbòò bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, kò sí ìyẹ́ kan ṣoṣo téèyàn lè tọ́ka sí lára rẹ̀. Àwọn tó ń fò ńkọ́? Ìrù ni mò ń yà, orí ti kọjá lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀ṣọ́ dáàmù kan tí mi ò ní dárúkọ dá mi dúró, ó ní ta ló rán mi wá wọn ilẹ̀. Mo ní ẹyẹ ni mò ń yà. Ó wo káàmẹ́rà, ó wò mí, ó ní, "Ẹyẹ wo?" Lásìkò yẹn, gbogbo ẹyẹ ti bá tiwọn lọ.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì lè dé Ifẹ̀ tàbí Èkó lópin ọ̀sẹ̀. Aago mélòó ni kí n máa jáde? Ibo ni kí n lọ? Kí ni kí n yí lára káàmẹ́rà yìí? Owó lẹ́ǹsì tuntun ò sí o, ẹ má wulẹ̀ dá a lábàá.

Bọ̀dá Lẹ́ǹsì

Kú ìdáwọ́lé, àbúrò. Káàmẹ́rà rẹ ò ṣe nǹkan kan, o jìnnà jù ni. Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ ra P900 ni zoom ìlọ́po 83 yẹn máa ń tàn. Wọ́n á fi ya òṣùpá, òṣùpá á kún gbogbo ojú rẹ̀, wọ́n á wá rò pé ẹyẹ tó wà ní òdìkejì odò náà ti di tiwọn. Eruku ni ọyẹ́. Láti Sàhárà ló ti ń fẹ́ bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti agbègbè Bodélé ní Chad wá. Tí ẹyẹ bá wà ní 100 mítà sí ẹ, eruku 100 mítà lò ń yà kó o tó kan ẹyẹ. Lẹ́ǹsì olówó ńlá ò lè gbá eruku yẹn kúrò. Filter UV tí wọ́n máa ń tà mọ́ èèyàn lọ́wọ́ náà ò lè gbá a. 20 mítà sísàlẹ̀ ni kó o máa wá. Tí zoom bá ti dé 1000 mm tàbí 1200 mm, dá a dúró níbẹ̀. Tí ẹyẹ bá ṣì kéré, àyè rẹ ni kó o yí, má ṣe fa zoom mọ́.

Lóṣù kìíní, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago méje lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà yẹn sí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni tìrẹ. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, ilẹ̀ á ti gbóná, afẹ́fẹ́ orí yanrìn àti orí ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí èyí tó máa ń wà lókè ààrò ẹlẹ́ran súyà. Kò sí bó o ṣe lè ṣe é, ojú ẹyẹ tó wà nínú rẹ̀ ò ní mú. Máa lọ jẹun. Padà dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ní oore tirẹ̀ náà: oòrùn rẹ̀ kì í le. Tó o bá ti sún mọ́ ẹyẹ, ṣe ló máa ń dà bí iná tí wọ́n fi aṣọ funfun bò ní stúdíò. Iṣẹ́ ìgbéyàwó ni mo fi ń jẹun, mo mọ iye tí mo fi ra aṣọ yẹn.

Ní ti ètò, gbé e sí S kí ìwọ fúnra rẹ máa yan ìyára. Ẹyẹ tó bà sójú kan, 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá. Èyí tó ń rìn tó ń mi ìrù, 1/1000. Èyí tó ń fò, ó kéré tán 1/1600. Má jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí káàmẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, kọjá 800. Sensọ̀ P900 kéré, tó o bá ti ta á kọjá ibẹ̀, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bíi gàrí. Kò sì ní RAW, fáìlì tí káàmẹ́rà ò tíì tún ṣe, P950 ló ní in, torí náà ohun tó o bá bà jẹ́ níwájú ẹyẹ, o ò lè tún un ṣe tán lórí kọ̀ǹpútà.

Lékeléke tó funfun gbòò yẹn: káàmẹ́rà rí koríko tó ṣókùnkùn yí i ká, ó rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ló bá da ìmọ́lẹ̀ sí i. Wá bọ́tìnì tó ní àmì + àti −, fà á wá sí −0.7 tàbí −1. Tí ẹyẹ dúdú bá bà sórí igi tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, gbé e lọ sí +1. Tó o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, má gbàgbé ìyẹn.

Burst rẹ̀, ìyẹn yíyà léraléra, kò ju méje lọ. Tó bá ti ya méje, á dákú fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣírò owó. Nítorí náà, má kàn máa tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ẹyẹ sábà máa ń yàgbẹ́ kó tó gbéra. Tó o bá ti rí ìyẹn, tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Lékeléke

Ẹ káàárọ̀ o. Bọ̀dá ti sọ ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àlejò. Biology ni mo kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ fojú fo èyí tó bá ti dà bíi ti kíláàsì.

Ọmọ Agodi, lékeléke ò ti òkè òkun wá. Apá òkè Nàìjíríà níbí ló ti ń bọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń yé tó ti ń pa nígbà òjò, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́, tí ètè wa ń là, náà la máa ń na ìka sí i ní kékeré, tí a ń bẹ̀ ẹ́ kó fún wa ní èékánná funfun. Ẹ̀yìn màlúù ni kó o ti máa wá a. Màlúù ń tẹ koríko, tata ń fò jáde, lékeléke ń ṣà á jẹ. Kí ọ̀gá tó ń da màlúù kó o tó gbé káàmẹ́rà sókè, kó o sì bi í bóyá o lè yà. Ẹran rẹ̀ lò ń yà mọ́ ẹyẹ yẹn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

Àwọn tó ti Yúróòpù wá ni wọ́n kéré tójú èèyàn ń fò wọ́n dá. Tó o bá rí ẹyẹ kan lórí pápá bọ́ọ̀lù, tó ń sáré bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tí ìrù rẹ̀ gùn tó ń mì ín, tí ikùn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, yellow wagtail nìyẹn. Mẹ́ta wọn ló tó ẹyin adìyẹ kan lórí òṣùwọ̀n, Sàhárà sì ni wọ́n gbà kọjá. Láti oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń wà lọ́dọ̀ wa títí wọ inú oṣù kẹrin. Etí omi ni wàá ti rí common sandpiper: ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, ìdí rẹ̀ kì í sì í sinmi, òkè ìsàlẹ̀, òkè ìsàlẹ̀. Ìyẹn ti máa ń dé láti oṣù kẹjọ. Nínú igbó, willow warbler àti pied flycatcher. Wọ́n kéré, wọn kì í dúró, inú ewé ni wọ́n sì ń gbé. Fi àwọn yẹn sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, wọn á kàn bí ọ nínú ni.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ náà ń ti Yúróòpù wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. A ní tiwa tó ń gbé ilé. Ti àlejò lọ́fun pupa, àmọ́ ní oṣù kìíní, ó ń pa ìyẹ́ dà, ìrù rẹ̀ tó yẹ kó gùn lè má tíì pé. Má bínú sí i. Ní Ebbaken-Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó ń sùn pa pọ̀ sínú koríko ìdí òkè. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi oje sára imọ̀ ọ̀pẹ láti fi mú wọn jẹ. Mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń wọlé nírọ̀lẹ́, mo gbàgbé pé mo mú káàmẹ́rà dání.

Tó o bá wá sí Ifẹ̀, wá ọ̀pẹ tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹyìn lórí rẹ̀. White-throated bee-eater máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sínú igbó wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti apá Sahel níbí náà ni, kì í ṣe Yúróòpù. Ọ̀kẹ́rẹ́ á máa bó èèpo ẹyìn dànù, ẹyẹ yìí á gbá èèpo náà mú lófuurufú kó tó délẹ̀, á sì padà sórí ẹ̀ka kan náà tó ti kúrò. Ẹ̀ka yẹn ni kó o ya, kì í ṣe ẹyẹ. Fi káàmẹ́rà dè é níbẹ̀.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún yín: oṣù kẹta dára ju oṣù kejìlá lọ. Akọ yellow wagtail tó dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn nígbà Kérésì, tó bá fi máa di oṣù kẹta, á ti pa ìyẹ́ dà, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ á máa tàn bí atùpà, torí ó ń múra ilé. Àwọn lékeléke míì náà á ti ní ìyẹ́ pupa rúsúrúsú lórí àti láyà. Ọyẹ́ á sì ti ń ká kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn á ti gbé káàmẹ́rà yín sínú àpótí nígbà yẹn.

Sàlàkọ́

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé n ò kúkú lè lo Merlin, app ẹyẹ yẹn, lórí fóònù, kí n fi ohùn ẹyẹ pè wọ́n? Wọ́n á yọjú kíákíá. Ní ti lékeléke, òkúta kékeré kan ti tó, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn á rí àwòrán wọn ya lófuurufú.

Ìyá Lékeléke

Sàlàkọ́, òkúta kẹ̀? Ẹni tó bá bá ọ lálejò láti Lọ́ńdọ̀nù, ṣé òkúta lo máa fi jí i?

Gbọ́ ìdí. Àwọn ẹyẹ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ sanra kí wọ́n tó tún Sàhárà gbà padà. Garden warbler, tí kì í ju ìwọ̀n lẹ́tà kan lọ, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ kó tó gbéra. Ọ̀rá yẹn ni epo ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó o bá lé e fò, epo lò ń jó fún un. Ohùn tí ò ń fi fóònù gbé jáde ńkọ́? Létí rẹ̀, ẹnì kan tó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Á yọ lóòótọ́, ìjà ló bá yọ. Lo Merlin láti mọ orúkọ ẹyẹ, ó dára fún ìyẹn, kó o sì ti ohùn rẹ̀ pa.

Sàlàkọ́

Mo ti gbọ́ mà. Ẹ má bínú.

Àjọkẹ́ Norfolk

Ẹ kú déédéé ìwòyí. Ìlà oòrùn England ni mo wà, òtútù là ń bá jà níbí, ọyẹ́ tiyín ṣì sàn. Àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù tiwọn ló ń wá sọ́dọ̀ wa: pink-footed goose láti Iceland àti Greenland, wọ́n á fò kọjá lórí ilé láàárọ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti wa níbí ti lọ láti oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òun lẹ̀ ń rí nÍbàdàn o. Ti Britain, Gúúsù Áfíríkà ni púpọ̀ wọn ń lọ.

Ohun tí mo kọ́ ní Snettisham, etí òkun kan lọ́dọ̀ wa níbí, ni mo fẹ́ sọ. Tí omi òkun bá kún gan-an, á bo gbogbo ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹyẹ etí omi tí wọ́n ń pè ní knot, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí èéfín. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo sáré kiri láti ibì kan sí èkejì, mi ò rí nǹkan kan mú. Bàbá òyìnbó kan jókòó sórí àpótí ìpẹja rẹ̀ látàárọ̀, kò dìde. Àwọn ẹyẹ náà wá bà síwájú bàbá yìí. Lọ́dún kejì, mo ra àpótí tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹyẹ ò ka ọkọ̀ sí èèyàn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kó má baà máa mi lẹ́ǹsì, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, ẹ rọ ẹ̀wà sínú àpò aṣọ kan, ẹ gbé e lé ojú fèrèsé, ẹ gbé káàmẹ́rà lé e. Ẹ̀wà sàn ju gàrí lọ. Mo lo gàrí rí nígbà tí mo wá sílé, èèrà gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀kan tó pa wá pọ̀, èmi àti ẹ̀yin: èmi ń ti inú òtútù wọ inú ilé tó gbóná, omi á bo lẹ́ǹsì. Ẹ̀yin ń ti inú AC ọkọ̀ bọ́ sí ìta, omi á bo lẹ́ǹsì bákan náà. Ẹ pa AC ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ so káàmẹ́rà mọ́ inú ọ̀rá títí á fi gbóná tó ìta. Ẹ má fi aṣọ nù ún.

Wasila

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní káàmẹ́rà, ẹ kú oríire. Fóònù nìkan ni èmi ní. Ṣé kí n máa lọ?

Bọ̀dá Lẹ́ǹsì

Jókòó, Wasila. Tó o bá rí awò ojú méjì yá, fi lẹ́ǹsì fóònù lé ojú kan nínú rẹ̀, kó o so méjèèjì pọ̀ mọ́ nǹkan tí kì í mì. Kò ní mú bí ti káàmẹ́rà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn á mọ irú ẹyẹ tó jẹ́. Àbí kó o ya ibi tí ẹyẹ wà dípò ẹyẹ nìkan: lékeléke 60 lórí igi kan nígbà tí oòrùn ọyẹ́ pupa ń wọ̀, fóònù á ya ìyẹn ju P900 lọ. Oòrùn ọyẹ́ ò ta sójú, o lè gbé e sínú àwòrán lódindi.

Ẹlẹ́sẹ̀ Odò

Badagry lèmi wà. Ẹ ti gbàgbé àwa ará etí òkun.

Nígbà tí omi bá fà ni kẹ́ ẹ wá, torí ìgbà yẹn ni ẹrẹ̀ àti yanrìn ń yọ, tí whimbrel àti grey plover ń jẹun. Ẹ bi àwọn apẹja, wọ́n mọ àkókò rẹ̀ ju fóònù lọ. Sanderling, èyí tó funfun tó ń sá níwájú ìgbì tó tún ń lé ìgbì padà, kì í bẹ̀rù ẹni tó bá dùbúlẹ̀. Ẹ fi àyà lélẹ̀ pátápátá. Ìgbẹ́ wà níbòmíì létí òkun, ẹ yẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí lẹ́ǹsì bá bá ojú ẹyẹ dọ́gba, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á parẹ́, á ku ẹyẹ nìkan. Ẹni tó bá dúró yà á, yanrìn ló yà.

Tern máa ń bà sórí òpó tí apẹja rì sínú ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà lẹ gbọ́dọ̀ gbà, ẹlẹ́ńjìnnì á lé wọn lọ. Kẹ́ ẹ sì máa ya ẹsẹ̀ wọn! Àwọn kan lára wọn ní òrùka irin tàbí ọ̀rá aláwọ̀ tí wọ́n ti fi sí wọn lẹ́sẹ̀ ní Yúróòpù. Tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà rẹ̀ kà, ẹ fi ránṣẹ́ sí EURING, àjọ tó ń rí sí òrùka ẹyẹ ní Yúróòpù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á lè wá ibi tí wọ́n ti fi òrùka náà sí i àti ọdún tó jẹ́. Èmi fẹ́ àwòrán ẹsẹ̀ tó hàn ju àwòrán ojú tó rẹwà lọ. Ìyàwó mi ní orí mi ò pé.

Tẹ́ ẹ bá dé ilé, ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ nu ara káàmẹ́rà. Iyọ̀ ni ọ̀tá.

Ọmọ Agodi

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ńkọ́? Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Bọ̀dá Lẹ́ǹsì

Ohun tó o kọ́kọ́ ṣe ló fa wàhálà. O débẹ̀, o fa zoom jáde, o ń wo òréré. Èmi tí mo jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ gan-an, mo máa rò pé ilẹ̀ lò ń wọ̀n.

Kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀ṣọ́ kí káàmẹ́rà tó jáde nínú àpò. Kí i dáadáa, bi í bóyá ó ti rí ẹyẹ tó ń jó ìdí létí omi. Ó ti rí i, ojoojúmọ́ ló ń rí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bi í rí. Lẹ́yìn ìyẹn, òun ló máa júwe ibi tó wà fún ẹ. Mo máa ń tẹ àwòrán kéékèèké, bí ìwé ìpè ìgbéyàwó, mo máa ń fún wọn. Ẹ̀ṣọ́ kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ahéré rẹ̀, tó bá ti rí mi báyìí, "Ẹlẹ́yẹ dé!" ló máa ń kígbe. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ abúlé ni, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ yà. Má dojú káàmẹ́rà kọ ògiri dáàmù, àgọ́ sójà tàbí ibi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, kódà bí òkín bá bà síbẹ̀. Má dá lọ.

Ìyá Lékeléke

Kó o tún fi app BirdLasser hàn wọ́n. Nigerian Bird Atlas Project, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ń fi kọ ẹyẹ tó wà ní gbogbo orígun Nàìjíríà sílẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, nǹkan bíi kìlómítà 9 ní 9. Ẹni tó bá rí máàpù lójú fóònù rẹ á mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹyẹ ń sùn sí, má gbé e síta fún gbogbo ayé. Àwọn tó ń pa wọ́n jẹ náà ní fóònù.

Ìwọ tó wà nÍbàdàn, kí lò ń wá kiri? IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, wà nítòsí rẹ, ó ní adágún omi, ó sì ní igbó tó tó 360 hẹ́kítà. Kọ̀wé sí wọn ṣáájú, má kàn yọ síbẹ̀. Ní inú igbó náà ni Ibadan malimbe wà, ẹyẹ tí kò sí níbòmíì láyé àfi ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí. John Elgood tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Kì í rìnrìn-àjò lọ síbì kankan, mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó o bèèrè. Mi ò lè gbọ́ orúkọ IITA kí n má dárúkọ rẹ̀ ni.

Bọ̀dá Lẹ́ǹsì

Tó o bá dé Èkó, Lekki Conservation Centre náà dára, èyí tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Afárá orí igi rẹ̀ gùn ní 401 mítà, àmọ́ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá gun orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á máa mì jọ̀wọ̀lọ̀. Jẹ́ kí wọ́n kọjá tán. Wọn kì í ṣílẹ̀kùn kí oòrùn tó yọ, torí náà ọjọ́ tí ọyẹ́ bá le ni kó o lọ síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó le.

Ọ̀rọ̀ eruku kù. Má fẹnu fẹ́ lẹ́ǹsì, má fi ìdí ẹ̀wù nù ún. Ra rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kó o tó fi aṣọ awò nù ún, torí eruku ọyẹ́ yanrìn ni, á ha á. Àwọn tí lẹ́ǹsì wọn ń yọ, ẹ má yọ ọ́ níta lóṣù kìíní. Mo ṣe é lọ́dún kan, mo rí tóótóó dúdú lójú gbogbo ìyàwó tí mo yà fún oṣù méjì. Mo gbé e fún ẹnì kan kó bá mi fọ̀ ọ́, ó fi spirit àti òwú fọ̀ ọ́. Sensọ̀ tuntun ni mo fi parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ tọ́jú àwọn ìdì kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà, ẹ kó o sínú àpò káàmẹ́rà, torí bí ọyẹ́ bá lọ tán, ọ̀rinrin á dé, ẹ̀bu á sì hù sínú lẹ́ǹsì.

Ọmọ Agodi (lẹ́yìn ọjọ́ 16)

Mo ti dé o. Ẹ jókòó, ó gùn díẹ̀.

Mo rọ ẹ̀wà sínú àpò bí Àǹtí Àjọkẹ́ ṣe wí. Ìyá mi ní kí n rántí pé oúnjẹ ni. Lọ́jọ́ Sátidé, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ti wà létí pápá bọ́ọ̀lù kan. Mi ò ní ọkọ̀, mo fi àyà lélẹ̀ lẹ́yìn òkìtì koríko tí wọ́n gé, mo gbé káàmẹ́rà lé àpò ẹ̀wà. Yellow wagtail mẹ́jọ wà ní òdìkejì pápá. Ọwọ́ mi ń yún mi kí n dìde. Mo rántí bàbá àpótí yẹn. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, wọ́n ti ń jẹun bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan dé ibi tí kò ju mítà mẹ́fà lọ. Àwòrán 140 ni mo yà. Mẹ́ta ló dára. Ọ̀kan wà nínú mẹ́ta yẹn tí ẹ lè rí kòkòrò lẹ́nu rẹ̀ tẹ́ ẹ ó sì ka ẹsẹ̀ kòkòrò náà. Àbúrò mi fi sórí fóònù rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Lékeléke ní −1: mo ti rí ìyẹ́. Èyí tó ń fò, ìrù ni mo ṣì ń yà.

Mo padà lọ sí dáàmù yẹn. Mo kí ẹ̀ṣọ́, mo bi í nípa ẹyẹ tó ń jó ìdí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí tó máa ń dúró sórí òkúta fífẹ̀ yẹn? Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà òjò." Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ. Mo yà á ní ìgbà 30. Nígbà tí mo délé ni mo tó rí i pé nǹkan kan ń dán lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Mo fà á tóbi: òrùka irin ni. Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo rí kà, 4, 7, àti ọ̀kan tó lè jẹ́ 1 tàbí 7. Tókù ti yí sẹ́yìn. Ẹ̀yin Ẹlẹ́sẹ̀ Odò, ṣé ó parí nìyẹn?

Ẹlẹ́sẹ̀ Odò

Parí kẹ̀! Common sandpiper máa ń dúró ti ibi kan náà jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ṣọ́ yẹn kúkú ti sọ fún ẹ. Padà lọ lọ́la, bí oòrùn bá ṣe ń yọ. Òrùka máa ń yí lẹ́sẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń rìn, torí náà yà á ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀, kó o sì tún lọ sí apá kejì òkúta yẹn láti yà á. Kó gbogbo rẹ̀ fún mi, a ó jọ tò ó. Fún ẹ̀ṣọ́ náà ní àwòrán kan.

Ọmọ Agodi

Mo ti lọ tẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo máa kúrò nílé. Ẹ ṣì wà lórí ìlà o.